Sọ Ọ́ Kí O Tó Kọwọ́ Bọ Òrí

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé inú mi máa ń tètè ru. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n, àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé n kì í bá èèyàn yan odì. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tó dùn mí, màá lọ bá a níbi tó wà, màá jókòó tì í, màá sọ fún un pé ohun báyìí lo ṣe, ibi báyìí ló ti dùn mí, màá sì dìde kí n máa bá tèmi lọ. Àwọn kan rò pé inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Inú ìkòkò òrí ni mo ti kọ́ ọ, ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ṣakí, lọ́dún tí ìyá mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ sínú àpótí tí mo sì rò pé gbogbo ilé wa máa tú.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà rárá ni a ti máa ń gbọ́ ìró kẹ́tùlù bàbá mi lórí òkúta níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, lẹ́yìn náà ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa dún shẹ́ẹ́, shẹ́ẹ́, àwọn ewúrẹ́ á máa ké pé kí wọ́n tú àwọn sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa yọ, ẹ̀rín Ìyá Ràbí á ti gba gbogbo agboolé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Ràbí, Ràbí ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ló bá kó gbogbo àwàdà tó yẹ kó máa bá a ṣe lé àwa tó kù lórí. Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í pariwo nínú ilé náà ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn lórí àpótí ìjókòó kúkurú kan, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó ń lọ nínú ilé tí wọn ò mọ̀. Ohun tí a rò nìyẹn nígbà náà.

Ìyá Àgbà ló ni iṣẹ́ òrí ilé wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí èso emi, igi tí òrí ti ń wá, bá ti ń já bọ́ nínú oko, a ó máa jí lọ ṣà á pẹ̀lú igbá lórí, ìrì á ti mú kí ìdí ìró wa tutù kí a tó dé ìdí igi kejì. Ara èso yẹn dùn, a máa ń jẹ ẹ́ títí inú á fi máa run wá. Kóró rẹ̀ ni a ó sè, tí a ó sá, tí a ó sì tọ́jú di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Nígbà náà ni a ó fọ́ ọ, tí a ó gún un, tí a ó yan án, tí a ó sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí á fi dúdú tí á sì máa dán bí ẹrẹ̀ etí odò. Gbogbo èyí kò le tó èyí tó kẹ́yìn, ìyẹn pípò. Inú ìkòkò ẹlẹ́nu gbàǹgbà kan ni wọ́n ń po òrí sí. Àwọn obìnrin á yí i ká, oníkálukú á kọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n á máa pò ó yípo pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀, títí ohun dúdú yẹn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí òrí á sì léfòó. Ó lè gba ìdajì ọjọ́. Bí kò bá wá, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti ṣègbé nìyẹn.

Nítorí náà ni Ìyá Àgbà ṣe ní òfin kan. Wọ́n ní òrí kì í wá fún ẹni tó bá gbé ìbínú kọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkòkò, ó ní láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ bú onítọ̀hún. Bí ẹnìkan bá ní, "Ìyá báyìí, ọ̀kánjúwà ni," Ìyá Àgbà á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ohun tó ṣe ni kí o sọ, kí o wá sọ ibi tó ti dùn ọ́." Ẹni tí wọ́n bá wí náà kò gbọ́dọ̀ wíjọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ: "Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á fọwọ́ nínú igbá kan náà. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti kékeré, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Ìyá Ràbí ti sọ ọ́ rí pé inú ìyá mi ń bí òun nítorí pé ó mú ìgbálẹ̀ òun, kò dá a padà síbi tó ti mú un, ó sì dà bí ìgbà tí òun kò jẹ́ nǹkankan nínú ilé náà. Ìyá mi ní òun gbọ́. Ìyá mi náà ti sọ ọ́ rí pé nígbà tí òun ṣubú lódò tí ìkòkò fọ́ mọ́ òun lórí, Ìyá Ràbí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó wá gbé òun dìde. Ìyá Ràbí ní òun gbọ́, ó sì tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún un gbọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Nígbà tó bá kan Ìyá Àgbà, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún. "Inú tèmi mọ́, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́." Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè rí. Ta ló máa bi wọ́n? Àwọn ni àgbà, àwọn ló ni òfin, a sì gbà pé ẹni tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá ibi tí nǹkan ti ń dun èèyàn. Èmi náà ti dàgbà báyìí, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé irọ́ gbáà ni.

Nígbà òjò ọdún tí mò ń sọ yìí ni ibà líle kan mú àbúrò mi, Múfú, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Bàbá mi wà lóko. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá mi pọ̀n ọ́n, ó gba ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà kọjá láìsọ nǹkankan, ó wọ bọ̀lẹ̀kájà lọ sí Ogbooro lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, níbi tí ọsibítù kékeré kan wà nítòsí. Wọ́n lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ara Múfú ti yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ti yọ. Gbogbo ilé ló yọ̀ mọ́ wọn. Ìyá Àgbà náà ní Alhamdulillahi, wọ́n sì wọlé. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Ìyàwó mi ni Ìyá Àgbà ti máa ń pe ìyá mi tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi orúkọ mi pè é ní Ìyá Ràfátù bí àwọn ará ìta ṣe ń pè é. Ọbẹ̀ rẹ̀ ti ní iyọ̀ jù. Bó ṣe ń gbálẹ̀, wọ́n ní ó ń gbá eruku wá sẹ́nu ọ̀nà àwọn. Iná tó dá, èéfín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyá mi á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, Ìyá," ohùn rẹ̀ á sì kéré sí i lójoojúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé omi ìwẹ̀ gbígbóná lọ fún Ìyá Àgbà tẹ́lẹ̀, ó wá ń rán mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Múfú. Ìyá Àgbà kò gbé e mọ́ bí ìyá mi bá wà nítòsí. Wọ́n á kàn máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn bó ṣe ń lé adìẹ kiri. Bí ìyá mi bá jáde nílé nìkan ni màá rí wọn tí wọ́n á yára gbé e, wọ́n á gbóòórùn orí rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó dé.

Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti rí tọkọtaya tó fi ọdún mẹ́wàá jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, iyọ̀ ni mo rò pé ó ń fa ìjà, mo sì máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò ní ìkọ̀kọ̀ kí n lè mọ ẹni tí mo máa gbè sẹ́yìn.

Ọjọ́ kan tí mò ń wá abẹ́rẹ́ ni mo ṣí àpótí onípáànù tí ìyá mi gbé wálé ọkọ. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ti ká wọn dáadáa, èyí tó dára jù wà nísàlẹ̀. Aṣọ Múfú wà lórí wọn, fìlà rẹ̀ kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tú u dé ìsàlẹ̀. Kò sí aṣọ tèmi kankan níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fetí kọ́ ohun tó ń sọ fún Ìyá Ràbí lẹ́yìn ilé ìdáná, pé bí òrí bá ti parí, òun á lọ sinmi ní Ogbooro, òun kò sì mọ ìgbà tí òun máa padà. Ìyá Ràbí bi í pé èmi ń kọ́. Ó ní ọmọ ilé ni mí, mo sì ti ń lọ síléèwé, òun kò lè yọ mí. N kò bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo bínú sí Ìyá Àgbà tó fẹ́ lé ìyá mi lọ, mo sì bínú sí ìyá mi tó fẹ́ fi mí sílẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo rò pé bí mo bá fi ẹnu mi sọ ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

Ọdún náà ló jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbà mí láyè láti kọwọ́ bọ òrí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètè gbogbo wa ti là, a jókòó yí ìkòkò ká: Ìyá Àgbà, ìyá mi, Ìyá Ràbí, àti èmi. Ìyá Ràbí kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́ kan tó jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó kan ìyá mi, ó ní inú òun mọ́. Ó kan èmi. Mo ní inú mi mọ́. Ìyá Àgbà náà ní inú tàwọn mọ́, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. A fọwọ́, a bẹ̀rẹ̀. Irọ́ mẹ́ta ti wọ inú ìkòkò kan ṣoṣo.

A pò ó títí apá fi ń ro mí. Oòrùn yọ, ó gòkè, òrí kò yí àwọ̀ padà. Ó dúdú, ó sì wúwo bí ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràbí ní òtútù ló dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ gbé omi kaná. Ìyá Àgbà ní kó jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àílà tí kò sì sí ohun tó yí padà, Ìyá Àgbà dúró. "Ẹnìkan wà níbí," wọ́n ní, "tó gbé nǹkan pamọ́ sínú." Ìyá mi ni wọ́n ń wò. Ìyá mi wo ilẹ̀. Mo rí i tí omi ń jáde lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú òrí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe já bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

"Ìyá Àgbà, èmi ni. Inú yín ń bí mi. Ìyá mi ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí nítorí yín. Aṣọ Múfú wà níbẹ̀, tèmi ò sí níbẹ̀. Inú ìyá mi náà ń bí mi."

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ọmọdé sí àgbà nílé wa, ó lè gba ìgbátí lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àgbà kò gbá mi. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Mo gbọ́, Àṣàkẹ́." Ìyá mi náà ní òun gbọ́. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Ara mi fúyẹ́, mo pò ó bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀, mò ń retí kí òrí wá nítorí mo ti jẹ́wọ́. Kò wá. Mo rántí pé mo wo Ìyá Àgbà lójú, mo sì béèrè, láìní ohun búburú kankan lọ́kàn, pé ta ló tún kù.

Ìyá Àgbà yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú ìkòkò. Wọ́n wo ọwọ́ náà, gbogbo rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá Ràbí ti dìde ní tirẹ̀, ó lọ gbé omi kaná láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó mi," Ìyá Àgbà ní, orúkọ tí wọn ò ti pè é láti ìgbà òjò. "Inú rẹ ń bí mi. Ọjọ́ tí ara ọmọ yẹn kò yá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o pọ̀n ọ́n kọjá níwájú mi, o ò wò mí. Mo pè ọ́ nínú ara mi, ohùn ò jáde. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń sá fún àjẹ́ ló ń sá fún mi yìí? Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ gbé ọmọ yẹn, ẹ̀rù ojú rẹ ló ń bà mí."

Òfin ni pé kí ìyá mi ní òun gbọ́, kó sì dákẹ́. Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló rú òfin. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ọwọ́ dúdú, ó ní, "Ìyá, ẹ ti sin ọmọ mẹ́ta. Bàbá Ràfátù ló sọ fún mi. Ọjọ́ yẹn, mo rò pé Múfú máa kú ni. Mi ò fẹ́ kó kú lójú yín. Bí mo bá wò yín, n ó kàn bú sẹ́kún ni."

Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, ó sì máa ń gbọ̀n mí títí dòní. Ohun tí ìyàwó ṣe kí ọkàn ìyá ọkọ má baà gbọgbẹ́ ló dá egbò sí i lára, àwọn méjèèjì sì fẹ́ fọwọ́ ara wọn tú ilé ká dípò kí ẹnìkan béèrè. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn. Wọ́n na ọwọ́ òrí yẹn, wọ́n fi gbá orí ìyá mi mú, gèlè rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá. Àwọn méjèèjì ń sunkún, èmi náà ń sunkún nítorí pé wọ́n ń sunkún. Ìyá Ràbí dé pẹ̀lú omi rẹ̀, ó wò wá, ó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà sínú ìkòkò, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ sunkún máa sun ún, kó ṣáà máa pò ó.

Òrí wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lọ́wọ́ wa, dúdú rẹ̀ ń ṣí, ó ń funfun, ó léfòó bí ìfóófòó wàrà. Títí Ìyá Ràbí fi kú, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé omi gbígbóná òun ló mú òrí yẹn wá, pé ká ní wọ́n gbọ́ tòun láàárọ̀ ni, kò ní pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti po òrí lẹ́yìn ìgbà náà nínú ọyẹ́ pẹ̀lú inú ríru, omi lọ́wọ́ọ́wọ́, òrí sì wá. Ìyẹn kò sì dín ohunkóhun kù nínú ìgbàgbọ́ tí mo ní sí òfin Ìyá Àgbà. Ká ní òrí yẹn ti yá wá láàárọ̀ ni, ìyá mi á ti fọwọ́ rẹ̀, á gbé àpótí rẹ̀, á sì lọ.

Àpótí náà sì jáde nílé ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà. Mo ti iléèwé dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé igbá òrí mẹ́ta wà lórí rẹ̀, wọ́n fi ewé bò wọ́n, wọ́n sì fi okùn so wọ́n. Ìyá Àgbà jáde síta nínú ìró wọn tó dára jù, Múfú wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ọ̀já gbà á dáadáa. Wọ́n ní àwọn àti ìyàwó àwọn ń lọ sí Ogbooro, kí àwọn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bá àwọn tọ́jú ọmọ, ìjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn máa lò. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ kó aṣọ mi. Wọ́n ní iléèwé ń kọ́. Bọ̀lẹ̀kájà dé, Ìyá Ràbí bá wọn gbé àpótí sókè, ìyàwó àti ìyá ọkọ jókòó ti ara wọn lórí pákó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fi eruku pupa sílẹ̀ fún mi.

Inú bí mi gan-an. N kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lọ dúró lẹ́bàá títì, mo dúró títí wọ́n fi dé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ilé, mo sọ fún wọn pé wọ́n lọ wọn ò mú mi dání, pé inú àwọn méjèèjì ń bí mi, pé àyà ló ti dùn mí. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ra, ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹnu wọn sì pa pọ̀ sọ ọ́.

"A gbọ́."